Mo ní set, tábìlì kún fún ewu: ibo ni mo ti ta á ṣì?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Texas Hold'em, irú póókà kan, ni mo ń ta, eré olówó, blind (owó tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀) 50 àti 100, ṣíìpù 10,000 ló sì wà níwájú olúkúlùkù wa. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ gbé e sí 300, ẹnì kan láàárín bá a san. Èmi tí mo wà lórí button (ipò ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lẹ́yìn flop) pẹ̀lú 9♠9♦ náà san, small blind (ẹni tó fi 50 sílẹ̀) sá, ìyẹn ni pé ó ju káàdì rẹ̀ sílẹ̀, big blind (ẹni tó fi 100 sílẹ̀) san tiẹ̀. Flop, káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí gbogbo wa jọ ń lò, jáde: 9♥8♥6♣. Inú mi dùn, mo ti ní 9 mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń pè ní set! Gbogbo wọn check (wọn kò fi owó kankan sílẹ̀) dé ọ̀dọ̀ mi, èmi náà check, kí wọ́n má baà sá. Turn, káàdì kẹrin, gbé 7♥ wá. Big blind fi 1,000 sílẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ sá, ti àárín gbé e lọ sí 3,500. Mo san, big blind sá. River, káàdì karùn-ún tó kẹ́yìn, jẹ́ 2♠, ti àárín sì ti 6,200 tó kù níwájú rẹ̀ wọlé. Wọ́n ní wọn kì í ju set sílẹ̀, ni mo bá san. A♥5♥ ló ṣí: heart (♥) márùn-ún, ìyẹn flush, tó borí 9 mẹ́ta mi. Gbogbo ṣíìpù mi lọ. Ṣé èmi ni mo ta á ṣì ni, àbí orí ló ṣe é? Ọ̀rẹ́ mi kan tiẹ̀ ní ẹ̀rọ tí a fi ń ta á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló máa ń dìídì gbé irú káàdì bẹ́ẹ̀ wá."

Àbúrò, o kú àdánù. Owó tó bá 9 mẹ́ta lọ máa ń dun èèyàn ju èyí tó bá ọwọ́ játijàti lọ, mo mọ̀ ọ́n lára. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni pé river ló ń dùn ọ́ jù, níbi tí 6,200 ti jáde lọ́wọ́ rẹ. Ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń wò. Ṣùgbọ́n ìpinnu mẹ́ta lo ṣe lẹ́yìn tí flop jáde: o check, o san 3,500 lórí turn, o san 6,200 lórí river. Èkínní ló bí àwọn méjì yòókù. Èkejì ló burú jù tí a bá fi ìṣirò wò ó. Ẹ̀kẹta ni àwa tó ń ta á lè fi òru kan jiyàn lé lórí. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń yan káàdì kúrò lọ́nà, torí ẹni tó bá ti gba ìyẹn gbọ́ kò ní rí ìdí tó fi yẹ kó fetí sí ìyókù.

Jẹ́ ká ka káàdì. 52 ló wà nínú dékì. O ti rí márùn-ún nígbà tí flop jáde, ó ku 47. Èwo nínú 47 yìí ló lè dà ọ́ láàmú? Heart 11 ló ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n 6♥ yóò sọ 9 mẹ́ta rẹ di full house (mẹ́ta irú kan àti méjì irú mìíràn, tó borí flush), nítorí náà heart 10 ni ewu. Lẹ́yìn ìyẹn, 7 mẹ́ta tí kì í ṣe heart, 10 mẹ́ta tí kì í ṣe heart, 5 mẹ́ta tí kì í ṣe heart: èyíkéyìí tó bá jáde nínú wọn, káàdì kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹlòmíràn ti tó láti fi di straight (káàdì márùn-ún tó tò tẹ̀ léra, tó borí 9 mẹ́ta). Ó jẹ́ 19 lápapọ̀. Àwọn tó lè tún ayé rẹ ṣe ńkọ́? 9♣ kan, 8 mẹ́ta, 6 mẹ́ta: méje péré. Ìyẹn ni pé ní bí ìgbà méjì nínú márùn-ún, káàdì kẹrin yóò jẹ́ irú èyí tí ara rẹ kò ní balẹ̀ sí. Lóòótọ́, 7♥ ló burú jù nínú gbogbo wọn, torí ó pa straight àti flush pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò nílò ọgbọ́n àrékérekè kankan kó tó gbé ọ̀kan nínú 19 jáde. Mi ò wo inú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń ta á, mi ò lè búra fún un. Ohun tí mo lè sọ ni pé ọwọ́ yìí kò fi ẹ̀rí ojóró kankan hàn.

Ohun tó mú ọ lẹ́rú ni orúkọ. "Set" ni o ń pe ọwọ́ rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bẹ́ẹ̀ nǹkan tó wà lọ́wọ́ rẹ yí padà láàárín ìṣẹ́jú kan. Lórí flop 9♥8♥6♣, ọwọ́ méjì péré ló ju tìrẹ lọ: 10-7 àti 7-5. Kò sí set tó lè bo tìrẹ, torí 9 ló ga jù lórí tábìlì. Ẹni tó gbé e sí 300 láti ipò àkọ́kọ́ kò sì sábà ní 10-7 tàbí 7-5. Nítorí náà, ní flop, ìwọ lo wà níwájú ní ọ̀pọ̀ jù lọ ìgbà, o sì lè fi ọkàn balẹ̀ béèrè owó. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ṣùgbọ́n lórí tábìlì yìí, èje gan-an ló wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó sì tó gẹ́ẹ́ láti ba nǹkan jẹ́. Nígbà tí 7♥ bọ́ sílẹ̀, 9-8-7-6 tò tẹ̀ léra wọn. Ẹni tó ní 10 kan ṣoṣo ti nà ọ́. Ẹni tó ní 5 kan ṣoṣo ti nà ọ́. Ẹni tó ní heart méjì ti nà ọ́. Ẹni tó bá sì ní J♥10♥ ti ní straight flush, èyí tí full house pàápàá kò ràn. 9 mẹ́ta tó jẹ́ ọba lórí flop ti di ọwọ́ tó ń wá ìrànlọ́wọ́ lórí turn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ "kí wọ́n má baà sá." Mo mọ ibi tí ọ̀pọ̀ ti kọ́ ọ. Wọ́n ti rí i tí àwọn àgbà òṣèré póókà ń fi ọwọ́ ńlá lúgọ. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni ọwọ́ ìkẹyìn World Series of Poker ọdún 1988, nígbà tó ku Johnny Chan àti Erik Seidel nìkan. J♣9♣ wà lọ́wọ́ Chan, flop sì gbé Q, 10 àti 8 wá, tí straight rẹ̀ pé láti ibẹ̀. Chan rọra ń ṣe bí ẹni tí kò ní nǹkan kan, títí Seidel tó ní Q méjì fi ti gbogbo owó rẹ̀ wọlé lórí river. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n wo bó ṣe rí: èèyàn méjì péré ló wà nídìí tábìlì, straight Chan ni ọwọ́ tó ga jù lọ tí ẹnikẹ́ni lè ní lórí flop yẹn, àwọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ sì jẹ́, kò sí ẹni tó ń wá flush. Ìwọ kojú ẹni mẹ́ta, lórí heart méjì, lórí káàdì tó fara kan ara wọn. Ẹni tó bá ní kí o lúgọ lórí irú tábìlì yìí torí Chan lúgọ kò wo tábìlì Chan dáadáa.

Ìgbà wo ni lílúgọ dára? Bí ó bá jẹ́ K♠7♦2♣ ló jáde, tí 7 mẹ́ta wà lọ́wọ́ rẹ, tí ẹnì kan ṣoṣo sì kù, check kò ní kó ọ sí wàhálà tó pọ̀. Ẹni tí kò ní K kò ní ohun tó ń wá, ó lè sá tí o bá fowó sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ káàdì ọ̀fẹ́ kan lè fún un ní ohun kékeré tó máa fi bá ọ san. Lórí 9♥8♥6♣, ọ̀rọ̀ yí padà. Ta ni ò ń bẹ̀rù pé yóò sá? Ẹni tó ní Q-Q kò ní sá. Ẹni tó ní J-10 kò ní sá, 7 tàbí Q ló ń wá. Ẹni tó ní 8-7 ní 8 méjì, ó sì tún ń wá straight ní ọ̀nà méjì, gbéregbère ni yóò san. Ẹni tó ní heart méjì kò ní sá. Àwọn tó máa sá ni àwọn tí kò ní nǹkan kan, owó wọn kò sì sí lójú ọ̀nà tẹ́lẹ̀. Flop tó léwu jù ni flop tí àwọn èèyàn ti ń san jù, torí olúkúlùkù ló rí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ kì í sábà rí. Káàdì tó ń dẹ́rù bà ọ́, ó ń dẹ́rù ba àwọn tí ò ń nà pẹ̀lú. Ká ní ẹni àkọ́kọ́ ní Q-Q láìsí heart. Lórí flop, yóò san 900, bóyá yóò tiẹ̀ gbé e sókè. Lẹ́yìn tí 7♥ bọ́ sílẹ̀, 200 lè má jáde lápò rẹ̀ tìdùnnú-tìdùnnú. Wo ọwọ́ tìrẹ fúnra rẹ: ẹni àkọ́kọ́ tó gbé e sí 300 sá kíá lórí turn. A kò mọ ohun tó ní, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ J-J tàbí A-9 ni, owó tó yẹ kó jẹ́ tìrẹ lórí flop ló mú lọ sílé. Nítorí náà check kan yẹn fún àwọn tó ń lé ọ bọ̀ láǹfààní láti dé ọ̀dọ̀ rẹ, ó tún jẹ́ kí àwọn tí o ti fi sílẹ̀ sẹ́yìn rí ọ̀nà sá. Bí ẹni gbé ọjà sórí àtẹ tí kò dá iye lé e ni.

Èló wá ni kí o dá lé e? Owó àárín jẹ́ 1,250 lórí flop: 300 lọ́nà mẹ́rin, àti 50 small blind. Ẹni tó ń wá flush ní heart 9 nínú 47, ìyẹn bí 19 nínú 100, láti rí i lórí káàdì kan ṣoṣo tó ń bọ̀. Tí o bá fi 400 sílẹ̀, ó ń san 400 láti bá ọ pín ohun tí yóò di 2,050, ìyẹn 19 àti ààbọ̀ nínú 100. O rí i pé 400 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye tó tọ́ sí i gan-an, o kò jèrè nǹkan kan lára rẹ̀. Tí o bá fi 900 sílẹ̀, owó àárín yóò di 3,050 tó bá san, ó sì gbọ́dọ̀ ní tó 29 àti ààbọ̀ nínú 100 kó tó bá a mu. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti ń di tìrẹ. Èmi a fi nǹkan bí 900 sí 1,250 sílẹ̀ níbẹ̀, pàápàá tí ẹni mẹ́ta bá wà níwájú mi. Lóòótọ́, ẹni tó ń wá flush kì í ṣírò káàdì kan nìkan. Ó mọ̀ pé tó bá rí i, òun tún lè gba owó sí i lọ́wọ́ rẹ lẹ́yìn náà. Ìyẹn ló jẹ́ kí fífowó sílẹ̀ dáadáa lórí flop àti mímọ ìgbà tó yẹ kí o dúró lórí turn jẹ́ iṣẹ́ kan náà. Tí o bá gba owó gidi lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń wá a, tí o sì kọ̀ láti san gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ nígbà tó bá rí i, kò ní ibòmíràn tí yóò ti jèrè.

Mi ò ní tàn ọ́ jẹ o. Bí o bá fi 900 sílẹ̀ lórí flop yẹn, A♥5♥ kò ní lọ sí ibì kankan. Flush tó ga jù ló ń wá, 7 náà sì lè fún un ní straight. 7♥ náà ìbá ṣì bọ́ sílẹ̀, torí dékì kò mọ̀ bóyá o fowó sílẹ̀ tàbí o check. Nítorí náà, ní ọwọ́ ẹyọ kan yìí, ó ṣeé ṣe kí o pàdánù bó ti wù kó rí. Ohun tí ì bá yàtọ̀ ni iye rẹ̀ àti ìmọ̀ tí ì bá wà lọ́wọ́ rẹ. Ká ní òun nìkan ló san 900. Lórí turn, owó àárín jẹ́ 3,050, òun nìkan lo kọjú sí. Ká ní ó fi 2,000 sílẹ̀. Wàá san án, torí bí o bá tiẹ̀ wà lẹ́yìn, káàdì mẹ́wàá nínú 46 lè sọ ọ́ di full house tàbí 9 mẹ́rin, owó sì ṣì wà níwájú rẹ̀ tí wàá gbà. River di 2♠, ó ti gbogbo rẹ̀ wọlé, o ju káàdì sílẹ̀. O pàdánù 3,200, o ní 6,800 níwájú rẹ. Àbá lásán ni mo ń dá, ó lè máà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n wo iye ìgbà tí heart kò ní bọ́ sílẹ̀. Set tó kọjú sí ẹni tó ń wá flush lásán ń borí ní nǹkan bí ìgbà mẹ́ta nínú mẹ́rin tí wọ́n bá rí káàdì méjèèjì tó kù. Àwọn ìgbà mẹ́ta yẹn ni 900 ń di owó.

Turn ni kí a wá lọ, torí ibẹ̀ ni mo ti ní gbólóhùn tó le díẹ̀. Owó àárín jẹ́ 1,250. Big blind fi 1,000 sí i, ti àárín fi 3,500 sí i: 5,750. Wọ́n ní kí o san 3,500. Kí ló lè wà lọ́wọ́ ẹni tó gbé owó ẹlòmíràn sókè lórí 9♥8♥6♣7♥, pẹ̀lú ìwọ tó ṣì kù lẹ́yìn rẹ̀? Bóyá 10, bóyá heart méjì. Ó ṣòro fún mi láti dárúkọ ọwọ́ tí 9 mẹ́ta ń nà tí ẹni tó ń ronú yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, àfi 8 mẹ́ta tàbí 6 mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tí ara rẹ̀ gbóná, tàbí ẹni tó ń halẹ̀. Nítorí náà ká gbà pé o wà lẹ́yìn, ká wo bóyá ó ṣì bá a mu láti san. Káàdì mẹ́wàá ló lè gbà ọ́ nínú 46: 9♣ kan, 8 mẹ́ta, 7 mẹ́ta, 6 mẹ́ta. 36 kò ràn ọ́ lọ́wọ́, 10 ràn ọ́ lọ́wọ́, ìyẹn 3.6 sí 1: owó tí o fẹ́ gbà gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 3.6 iye tí o ń san. Fún 3,500 rẹ, 5,750 ló wà níbẹ̀. Fi 6,200 tó kù níwájú ẹni náà kún un, bí ẹni pé yóò kó gbogbo rẹ̀ fún ọ nígbàkúùgbà tí full house rẹ bá pé: 11,950. Pín in sí 3,500, o rí 3.4 sí 1. Kò tó. Bó tiẹ̀ san gbogbo kọ́bọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kò tó. Bẹ́ẹ̀ kò ní san án ní gbogbo ìgbà, torí nígbà tí tábìlì bá ní 8 méjì tàbí 7 méjì, ojú òun náà yóò là. Àti pé big blind ṣì wà lẹ́yìn rẹ tó lè tún gbé e sókè kí o tó rí river.

Jíjù ni o, lórí turn, pẹ̀lú 9 mẹ́ta lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé kò dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n kíyè sí i pé bí ti àárín bá ti sá, tó jẹ́ 1,000 big blind nìkan ló kù, èsì mi yí padà pátápátá: 1,000 láti gba 2,250, pẹ̀lú 8,700 tó ṣì wà níwájú ẹni náà, mo ń san án láìjanpata. Bí o bá ní ìdánilójú pé big blind náà yóò san 3,500 pẹ̀lú rẹ, ìyẹn náà lè sọ ọ́ di ohun tó bá a mu. Ọwọ́ kan náà, tábìlì kan náà, iye tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ àti iye ẹni tó ń béèrè ló yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ "wọn kì í ju set sílẹ̀" fi ń pa èèyàn. Lórí tábìlì K♠7♦2♣, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní tábìlì bẹ́ẹ̀ lọ́kàn. Àwọn tó gbà á lẹ́nu wọn ló gbé e wá síbi tí káàdì mẹ́rin ti tò léra.

River: owó àárín jẹ́ 9,250, ó ti 6,200 wọlé, ìwọ náà ní 6,200. Láti san án, o gbọ́dọ̀ borí ní ìgbà méjì nínú méje, bí 29 nínú 100. 2♠ kò yí nǹkan kan padà. Nítorí náà ìbéèrè tó kù ni: nínú ìgbà méje tí ẹni yìí bá ṣe báyìí, ṣé ìgbà méjì wà tó jẹ́ pé ó ń halẹ̀ ni, tàbí tó ní 8 mẹ́ta tó rò pé ó tó? Ibí ni ìmọ̀ mi ti pin, torí mi ò mọ ẹni náà. Àwọn kan wà tó mọ iṣẹ́, tí wọn á mú A♥ dání pẹ̀lú káàdì mìíràn tí kì í ṣe heart, tí wọn á sì ti owó wọlé, torí wọ́n mọ̀ pé bí A♥ bá wà lọ́wọ́ àwọn, flush tó ga jù kò lè sí lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá ti rí ẹni yìí tó ṣe irú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, sísan náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n nídìí tábìlì blind 50 àti 100, láàárín àwọn tó ń ta á fún ìgbádùn, ẹni tó gbé owó sókè lórí turn tó léwu tó sì ti gbogbo rẹ̀ wọlé lórí river sábà máa ń ní ohun tó ń sọ pé òun ní. Èmi a ju káàdì sílẹ̀. Màá sì jù ú láìní ìdánilójú, torí kò sí ẹni tó ní ìdánilójú níbẹ̀.

Má wá tìtorí ohun tí mo sọ yìí di ẹni tí heart kẹta ń lé kúrò nídìí tábìlì o. Mo ti rí àwọn tó lọ sí ìhà kejì bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń pàdánù ju àwọn alágídí lọ, díẹ̀díẹ̀, láìmọ̀. Ọwọ́ tí a kàn fà yọ láti inú dékì jẹ́ heart méjì ní ìgbà márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún lórí flop rẹ yẹn. Àwọn èèyàn kì í kàn fà á yọ lóòótọ́, wọ́n máa ń pa heart méjì tó fara jọ mọ́ra, nítorí náà ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó bí ẹ̀rù ṣe ń sọ fún ọ. Ká ní o fi 900 sílẹ̀ lórí flop, ẹnì kan san án, 2♥ bọ́ sílẹ̀ lórí turn, ẹni náà sì check. Tún fowó sílẹ̀. Ìdajì owó àárín dára. Ẹni tó ní Q-Q pẹ̀lú heart kan níbẹ̀ yóò san, ẹni tó ní 9-8 yóò san, 10-9 náà lè san. Bó bá gbé e sókè, ìgbà yẹn ni kí o wá ka káàdì rẹ mẹ́wàá kí o sì wo iye tó ń béèrè. 2♥ kì í ṣe 7♥: kò sọ 10 tàbí 5 kan ṣoṣo di straight.

Tí 6♦ bá bọ́ sílẹ̀ lórí turn ńkọ́? Full house rẹ ti pé, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ tún ti ń padà sí ìwà àtijọ́, wọn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lúgọ. Kí lo fẹ́ lúgọ fún? Ẹni tó ń wá flush kò mọ̀ pé flush rẹ̀ ti kú. Ẹni tó ń wá straight kò mọ̀. Lórí turn nìkan ni wọ́n ṣì ń san owó láti wá a. Bó bá di river tí wọn kò rí i, kọ́bọ̀ kan kò ní jáde lọ́wọ́ wọn mọ́. Fowó sílẹ̀ bí o ṣe ń fi í sílẹ̀ lórí flop, kí ó má sì kéré, torí ẹni tó bá rí i pé o fi 900 sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá di 300 yóò fura.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí dá lórí eré olówó pẹ̀lú ṣíìpù 100 blind níwájú olúkúlùkù. Nínú ìdíje, pàápàá nígbà tí ẹni díẹ̀ bá kù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í san ẹ̀bùn, ṣíìpù tí o pàdánù wúwo ju èyí tí o jẹ lọ, wàá sì ju ọwọ́ sílẹ̀ ju báyìí lọ. Tí ó bá jẹ́ blind 20 péré ló kù níwájú rẹ, òdìkejì ni: ti gbogbo rẹ̀ wọlé lórí flop, má wo ẹ̀yìn. Tó bá sì jẹ́ 300 blind, iye tó wà níwájú ẹni náà tó láti san owó full house rẹ, 3,500 orí turn lè di ohun tó ṣeé san. Nítorí náà, nígbà mìíràn tí o bá fẹ́ kí n wo ọwọ́ kan, tún kọ iye ṣíìpù olúkúlùkù bí o ṣe ṣe lọ́tẹ̀ yìí, àmọ́ fi ohun tí o rí lára ẹni tí o kọjú sí kún un: ọwọ́ wo ló ti ṣí tẹ́lẹ̀, ṣé ó máa ń gbé owó sókè léraléra, báwo ni ó ṣe pẹ́ tó kó tó ti 6,200 wọlé.